Ẹni Tó Yó Láìjẹun

Ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà ló máa ń jí wa nílé wa ní Ìfọ̀nyìn, ìlú tí àwọn Faransé ń kọ sílẹ̀ ní Ifangni. Ìyá tó bí bàbá mi ni, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbá àgbàlá, torí ó ní ìgbálẹ̀ àwa ọmọdé kàn ń gbé ìdọ̀tí láti ibì kan lọ síbòmíràn ni. Bí ìgbálẹ̀ bá ti dákẹ́, àwọn ewúrẹ́ á bẹ̀rẹ̀ ariwo, aago ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà la ó gbọ́ bàbá mi tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Dìsípáńsà, ilé ìtọ́jú aláìsàn kékeré tó wà nínú ìlú, ló ti ń ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ ló ń gún níbẹ̀, ó ń di ojú egbò, ó sì ń pín oògùn ibà, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ń pè é ní Dókítà, òun náà sì ti jẹ́ kó mọ́ òun lára. Màmá mi ń din gàrí tà. Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa, ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, ó sì mọ oúnjẹ sè débi pé àwọn aládùúgbò máa ń wá fọn iná lọ́dọ̀ wa nígbà tí iná tiwọn ò tíì kú, kí wọ́n ṣáà lè mọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Bí oòrùn bá ti gùn, ìró àfọ́kù igbá tí Màmá fi ń da gàrí nínú agbada ló kù, ṣàà, ṣàà, bí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lórí iyanrìn.

Nínú ọdún tí mò ń sọ yìí, òmìnira ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu wa. Wọ́n ti sọ àsíá Faransé kalẹ̀ níwájú ilé-ìwé wa, wọ́n ti ta tiwa sókè, wọ́n sì ti kọ́ wa ní orin tuntun tí a ń kọ láràárọ̀ lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n èdè Faransé náà ni mẹ́tìrì, olùkọ́ wa, fi ń pàṣẹ, ọ̀pá tó fi ń nà wá tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì fi ń nà wá tí a bá sọ Nàgó, èdè ilé wa, nínú kíláàsì. Òdìkejì Ìgòló, ibodè Nàìjíríà tí kò jìnnà sí wa lórí kẹ̀kẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ló wà níbẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn ènìyàn tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ tí à ń jẹ́, tí wọ́n ń jẹ gàrí wa, tí wọ́n sì ń bá wa ṣe àna, wà lábẹ́ èdè òyìnbó mìíràn nítorí igi kan tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà. Bàbá mi ò fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní èdè tí wọn kì í pe gbogbo lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ ò ṣeé gbọ́kàn lé, ó sì gbàgbé pé èdè Faransé tó fi ń yangàn náà kì í pe ìdajì.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni Tàǹtí Mọ́níkà dé. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni. Mọníìkì ni àwọn fadá sọ ọ́ nígbà ìrìbọmi, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdébìnrin ni mọ̀lẹ́bí wa kan ti mú un lọ sí Ìlárọ̀ ní ìhà Nàìjíríà. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti di Mọ́níkà, ibẹ̀ náà ló sì ti fẹ́ aránṣọ kan tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì. Bí Kérésì bá ti dé, ó máa ń mú Wálé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wá kí wa. Wálé kéré díẹ̀ sí àbúrò mi Pọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ adìyẹ sì ni wọ́n sábà máa ń torí rẹ̀ jà. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe àsìkò Kérésì. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ọkùnrin kan tó ń gbé èrò láti Ìgòló ló jókòó sí, ó gbé àpótí onírin kékeré lé itan. Màmá ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi àfọ́kù igbá sílẹ̀ sínú gàrí, ó sáré jáde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹ kú àbọ̀," ni ó wí. Orúkọ tí Màmá fún un nígbà tó wọlé ọkọ nìyẹn, torí pé wọ́n ti bí Tàǹtí kó tó dé, kò sì lè pe orúkọ rẹ̀ gan-an.

Tàǹtí gbé ọwọ́ lé èjìká Màmá bí ẹni tó fẹ́ fi gbára dúró. Ìyá Àgbà jáde láti inú ilé, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wo ọ̀nà tó gbà wá bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní kí èmi àti Pọ́ọ̀lù lọ já ẹ̀fọ́ wá lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí a fi padà dé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yàrá, gàrí sì ti jóná nínú agbada. N kò rí gàrí kó jóná nílé wa rí.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi pè wá. Ó ní Tàǹtí wa ti rin ọ̀nà jíjìn, ó rẹ̀ ẹ́, kí a má ṣe bi í ní ìbéèrè kankan. Pọ́ọ̀lù ní, "Wálé ńkọ́?" Màmá rọra fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, kò nà án, kò bá a wí. Ọwọ́ Màmá yẹn ni mo fi mọ̀. Lásìkò yẹn, lọ́dọ̀ wa, tí ọmọdé bá kú, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́ lójú àwọn òbí rẹ̀. Àwọn àgbà mìíràn ló máa ń gbé e lọ sin, wọn kì í sì í jẹ́ kí bàbá àti ìyá rẹ̀ mọ ojú oórì. Wọ́n gbà pé àánú ni, kí ẹsẹ̀ òbí má baà máa wá ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Mo ti di àgbàlagbà báyìí, mo sì gbà pé àwọn tó dá àṣà náà sílẹ̀ ní ọkàn rere. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nílé wa lọ́dún yẹn ni mò ń sọ.

Ohun tí mo rí ni pé Tàǹtí máa ń yó. Bí Màmá bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, Tàǹtí á fọwọ́, á bu òkèlè kan, á gbé e dání títí á fi tutù, lẹ́yìn náà á dá a padà sínú àwo, á ní, "Mo ti yó. Ẹ ṣeun." Àwo náà á sì di tèmi àti Pọ́ọ̀lù. A ò kábàámọ̀ rẹ̀. Màmá ń se àwọn oúnjẹ tí a kì í rí àfi lọ́jọ́ ọdún: àmíwò, ìyẹn òkà pupa tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti tòmátò rò ní Àjàṣẹ́, pẹ̀lú adìyẹ díndín, ẹja tútù tó wá láti etí ọ̀sà, ẹ̀kọ tó funfun bí owú, tí Màmá fi ewé pọ́n ní kékeré kékeré kó lè wu ojú. Gbogbo rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni. "Mo ti yó." Lójú èmi ọmọdé tí kì í yó, ó jọ pé kò sí ẹni tó rọ̀ lọ́rùn tó o láyé. Mo máa ń wò ó lẹ́nu, mo máa ń rò ó pé bóyá ní Nàìjíríà wọ́n ń jẹ ohun kan tí kì í tán nínú. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ìró tó ń ró mọ́ àyà ti ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì, àti pé nígbà tó bá gbé apá sókè láti sá aṣọ, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti yọ ṣóńṣó.

Bàbá mi gbà pé àìsàn ni, torí àìsàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó fún un ní oògùn ibà. Ó fún un ní oògùn aràn. Ó yí ìpéǹpéjú rẹ̀ síta ní gbangba oòrùn, ó ní, "Bọ́n, mo ti rí i, Mọníìkì, ẹ̀jẹ̀ rẹ kéré," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́ fítámì. Tàǹtí ò bá a jiyàn. Ìyá Àgbà ló wá dá a dúró lọ́jọ́ kan tó ń se sìríǹjì nínú ìkòkò kékeré.

"Àkànní, ṣé ìdí ló sọ fún ọ pé ó ń dun òun?"

"Rárá, Ìyá. Ara rẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀."

"Kí ló dé tó o wá ń fìyà jẹ ìdí?"

Màmá yíjú sí ògiri kó má baà rẹ́rìn-ín. Bàbá mi gbé sìríǹjì rẹ̀ padà sínú àpò, kò sì gún un mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Àwọn ènìyàn tó ń tọ́jú ní dìsípáńsà máa ń kú nígbà mìíràn, ó sì mọ bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Yàrá kan náà ni èmi àti Tàǹtí ń sùn. Bí mo bá dé láti ilé-ìwé, mo máa ń bá a lẹ́yìnkùlé níbi tí òun àti Ìyá Àgbà ti ń bó ẹ̀gẹ́ tí Màmá fẹ́ fi ṣe gàrí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá na nǹkan sí i, á fún mi ní orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀bẹ, omi, adìyẹ. Mo fẹ́ràn bí àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrú lẹ́nu. Mo tún ṣàkíyèsí pé tí àgbàlagbà kan bá bi í ní ohun tí kò fẹ́ dáhùn, Gẹ̀ẹ́sì ló fi máa ń dá a lóhùn, ohùn jẹ́jẹ́, ẹni náà á sì lọ, torí kò gbọ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ yàrá kan tó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Bàbá mi pè mí sẹ́bàá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Àbẹ̀ní, ìwọ lẹ jọ ń sùn. Bá mi bi Tàǹtí rẹ ohun tó ń ṣe é. Tó bá jẹ́ èmi ni, kò ní sọ."

"Ẹ ní ká má bi í ní nǹkan kan, Papá."

"Mo mọ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, mo ní kó o bi í."

Mo lọ bá a nídìí ẹ̀gẹ́, mo jókòó tì í, mo ní, "Tàǹtí, kí ló ń ṣe yín?" Ó bó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó jù ú sínú omi, ó mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, láìwo ojú mi: òun jẹ́ sáàdì. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Mo bi í pé kí ni ìyẹn ní Nàgó. Ó dúró, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń wá a lóòótọ́. "N ò rí i ní Nàgó," ni ó wí. Mo dìde, mo sì ń sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí mo ṣe ń sáré lọ, sáàdì, sáàdì, kó má baà jábọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi.

Ó ti fẹ́ gun kẹ̀kẹ́. Màmá dúró tì í.

"Kí ló wí?"

"Ó ní sáàdì."

"Ó ní kí?"

"Sáàdì, Papá."

Bàbá mi wo Màmá. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, n kò tíì rí ojú rẹ̀ kó là bẹ́ẹ̀. "Sàláàdì," ni ó wí. "Sàláàdì ló fẹ́ jẹ."

"Papá, sáàdì ló pè é."

"Sàláàdì ni, Àbẹ̀ní. Má máa gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mì."

"Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́ ni, àbí Faransé?" ni Màmá bi mí, ṣùgbọ́n bàbá mi ti dáhùn fún mi. "Èwo ni tìyẹn? Oúnjẹ ni. Àwọn òyìnbó méjèèjì ló ń jẹ ewé."

Sàláàdì kì í ṣe oúnjẹ Ìfọ̀nyìn lásìkò náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àjàṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́, àwọn tó kọ́ ọ lára òyìnbó; Màmá mọ̀ ọ́n torí ó ti rí i níbẹ̀ kó tó wọlé ọkọ, Ìyá Àgbà ò tilẹ̀ rí i rí. Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá mi wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Àjàṣẹ́. Òjò ń rọ̀ nígbà tó padà. Ó ti ki ewé sàláàdì sínú àpò tó rẹ sómi, ó sì gbé e mọ́ àyà lábẹ́ ẹ̀wù òjò, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ tutù rìrì. Ó tún ra kùkúmbà, ẹyin, tòmátò tó tóbi, àti ìgò fínẹ́gà kan. Kò gbà kí Màmá fi omi lásán fọ ewé náà. Ó mú oògùn kan wá láti dìsípáńsà, ó yọ́ ọ sínú omi, omi sì di elésè-àlùkò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò ṣe ń kú. Ìyá Àgbà dúró lókè abọ́ náà, ó ń wo ewé tó ń léfòó nínú omi aláwọ̀.

"Ṣé ẹ ò ní sè é?"

"Wọn kì í sè é, Ìyá."

"Ewúrẹ́ wa náà kì í sè é," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì lọ jókòó.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Màmá ti to ewé náà yí àwo ńlá ká, ó gé ẹyin sí mẹ́rin mẹ́rin, ó to tòmátò sí àárín bí òdòdó, ó sì wọ́n fínẹ́gà lé e. Ó rẹwà débi pé Pọ́ọ̀lù ò sọ̀rọ̀. Wọ́n pe Tàǹtí. Ó wọlé, ó jókòó, ó wo àwo náà, ó wo bàbá mi tó dúró pẹ̀lú ìgò òróró lọ́wọ́.

"Mọníìkì, ohun tó o béèrè nìyí."

"Èmi? Kí ni mo béèrè?"

"O ní sàláàdì lò ń fẹ́."

Tàǹtí yíjú sí mi. Mo ní, "Sáàdì lẹ wí, Tàǹtí. Mo sọ fún wọn." Ó ń wò mí, ó ń wo ewé, ó gbé ọwọ́ bo ẹnu. Mo kọ́kọ́ rò pé inú ló bí i. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rín ni. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé orí lé tábìlì, Pọ́ọ̀lù náà ń rẹ́rìn-ín, Màmá náà ń rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí rẹ̀. Bàbá mi nìkan ló dúró.

"Fọ̀fọ́," ni Tàǹtí wí, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ́dọ̀ wa. "Fọ̀fọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tí mo sọ fún Àbẹ̀ní ni pé inú mi ò dùn. Mo ní inú mi bàjẹ́."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ ní èdè wa, ẹ̀rín náà dá. Ó ní, "Wálé ti kú, Fọ̀fọ́."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ sójúde. Bàbá mi gbé ìgò òróró kalẹ̀. "Mo mọ̀," ni ó wí. "Mo mọ̀, Mọníìkì. N ò kàn mọ bí mo ṣe máa bá ọ sọ ọ́." Òun náà jókòó. Ìyá Àgbà dìde níbi tó wà, ó wá fa orí ọmọ rẹ̀ mọ́ ikùn, Tàǹtí sì sunkún bí ọmọdé ṣe ń sunkún, láìpa ohùn mọ́. Ó sọ fún wa pé ibà ni. Ó ní òun gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ṣe é dé ibi tí agbára wọn mọ. Ó ní oorun gbé òun lọ lẹ́yìn tó kú, torí òun ò tíì sùn láti ìgbà tí ara rẹ̀ ti gbóná, nígbà tí òun sì jí, wọ́n ti gbé e lọ. "Mo bi wọ́n pé ibo ni. Gbogbo wọn ní kí n jókòó."

Kò sí ẹni tó rántí oúnjẹ. Ó pẹ́ kí Tàǹtí tó nu ojú, kó tó rí àwo náà níwájú rẹ̀, àti bàbá mi tó jókòó tì í pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tí ẹrẹ̀ Àjàṣẹ́ ò tíì kúrò létí rẹ̀. Ó mú ewé kan, ó fi jẹ ẹyin. Ó mú òmíràn. "Ó kan díẹ̀," ni ó wí.

"Fínẹ́gà ni," ni bàbá mi fèsì.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, mo di olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Àjàṣẹ́. Àwọn tó mọ bàbá mi máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ rẹ̀ lọ bá èdè tí kò fẹ́ràn ṣe ọ̀rẹ́. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan, èyí tó ń tọ ìtàn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, mo wá ọ̀rọ̀ yẹn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí n kò ní kíláàsì. Mo kàn fẹ́ rí ojú rẹ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láyé àtijọ́, kí *sad*, ìyẹn sáàdì Tàǹtí, tó túmọ̀ sí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, ẹni tó ti jẹun yó ni wọ́n ń fi pè. Ẹni tó yó, ara rẹ̀ á wúwo. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrò nídìí oúnjẹ nìyẹn, tó di ti ohunkóhun tó bá wúwo: búrẹ́dì tí kò wú, irin tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Ó tún di ti ènìyàn tí kì í ṣe eré, tó fìdí múlẹ̀. Àwọn aláró wọn pàápàá ń fi pe aṣọ tó dúdú kanlẹ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ló wá dúró sí ọkàn tó wúwo, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìwé náà ní ó bá *assez*, ìyẹn ó tó, àti *satisfait*, ìyẹn ó tẹ́ni lọ́rùn, ti Faransé tan, pé ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá. Ẹni tó bá ní ó tó òun, ẹni tó ní òun yó, àti ẹni tí ayé sú, ìyá kan ló bí wọn.

Mo pa ìwé náà dé, mo sì jókòó pẹ̀lú ọwọ́ lórí èèpo rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Tàǹtí ń sọ pé òun ti yó, a rò pé ó fi ń tàn wá ni. Ó kún lóòótọ́. Kò sí àyè tí òkèlè máa gbà. Àwa náà ò sì jìnnà sí ohun tí àwọn òyìnbó àtijọ́ rí: inú la ń sọ pé ó bàjẹ́, ibẹ̀ náà sì ni oúnjẹ ń lọ. N kò tíì kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ọ̀rọ̀ yẹn rí kí n má dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í sọ ìdí fún wọn.

Láti ọjọ́ sàláàdì yẹn, Tàǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, díẹ̀díẹ̀. Ohun tó yí padà jù ni pé a ń dárúkọ ọmọ náà. Ìyá Àgbà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nídìí ẹ̀gẹ́, bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Ó ní, "Kí ni Wálé fẹ́ràn láti jẹ?" Tàǹtí ní ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n kì í jẹ èyí tó bá ti fọ́, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Pọ́ọ̀lù ní Wálé máa ń gé òun jẹ. Tàǹtí ní òótọ́ ni, òun náà ní àpá eyín rẹ̀ lápá. Báyìí ni a ṣe ń kó o jọ, ohun kan lónìí, òmíràn lọ́la, títí ọmọ tí gbogbo wa ń sá fún fi di ẹni tó lè jókòó sí àárín wa.

Ìparí òjò ni Sámúẹ́lì, ọkọ rẹ̀, dé. Bàbá mi ti sọ tipẹ́ pé tí ó bá wá, òun ò ní jẹ́ kó wọlé, torí ó fi obìnrin sílẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń gbin àgbàdo títí a fi kórè rẹ̀. Nígbà tó rí i, kò lè ṣe é. Ọkùnrin náà ti gbẹ, ẹ̀wù tó rán fúnra rẹ̀ ń fẹ́ lára rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá, kò sì dìde títí bàbá mi fi ní kó dìde. Ó ní òun ti dé Ìgòló ṣáájú àkókò yìí, tí òun sì padà, torí òun ò mọ ọ̀rọ̀ tí òun máa bá dé ẹnu ọ̀nà. Tàǹtí gbé omi wá fún un. Ó mu ún tán kó tó gbójú sókè.

"Mo wá mú ọ lọ sílé," ni ó wí. "Tó o bá fẹ́."

"Ṣé o mọ ibi tí wọ́n sin ín sí?"

Ó gbé ife omi kalẹ̀. "Mo mọ̀. Mo wá a títí mo fi rí i."

"Mú mi débẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà mo lè wo ti ilé."

Bàbá mi ní, "Kò ṣeé ṣe, Mọníìkì. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí Ìyá Àgbà, torí òun ni gbogbo wa máa ń wò tó bá di ti ohun tí wọ́n ń ṣe àti èyí tí wọn kì í ṣe. Bàbá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọrin Látìn, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ló di gbogbo èèwọ̀ ilé wa mú, ó ń bọ òrìṣà rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Igbá ẹ̀gúsí wà ní itan rẹ̀. Ó pa ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ tán.

"Àkànní," ni ó wí, "kí n tó bí ọ, mo ti bí ọmọ méjì. Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n wà. Títí dòní, tí mo bá ń roko níbikíbi, mo máa ń rọra fi ọkọ́ kan ilẹ̀."

Bàbá mi ò mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó ń ṣa èèpo ẹ̀gúsí tó wà nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí kò mọ ohun mìíràn tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

"Ẹ mú un lọ," ni Ìyá Àgbà wí. "Èmi náà á bá yín lọ."

Tàǹtí Mọ́níkà padà sí ilé ọkọ rẹ̀ láti ìrìn àjò yẹn, ó sì bí àwọn ọmọ mìíràn. Mo ń lọ kí wọn ní Ìlárọ̀ nígbà ìsinmi, tí ẹnikẹ́ni bá sì bi í iye ọmọ tó bí, ó máa ń ka Wálé mọ́ wọn. Ìyá Àgbà padà sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kò sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, a ò sì bi í.

Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, èmi àti bàbá mi sìn wọ́n dé Ìgòló. Ìyá Àgbà ò tíì kọjá ibẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ró aṣọ tó fi ń lọ sí ìgbéyàwó, Màmá sì di ẹ̀wà sínú ewé fún un, ó gbé e dání fúnra rẹ̀, kò gbà kí Sámúẹ́lì bá a gbé e. Àwọn aláàárù ń kọjá lọ kọjá bọ̀, àwọn tó ń ṣẹ́ owó jókòó lábẹ́ igi. Ọ̀dọ́kùnrin aṣọ́bodè kan nínú yúnífọ́ọ̀mù tuntun dá wa dúró nídìí igi tó dábùú ọ̀nà. Ó bá bàbá mi sọ Faransé, ó rí Ìyá Àgbà, ó sì yí i sí Nàgó.

"Ìyá, ẹ káàárọ̀. Níbo lẹ ń lọ?"

"Mò ń lọ kí ọmọ-ọmọ mi ní Ìlárọ̀," ni Ìyá Àgbà dáhùn.

Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti dàgbà tó báwo?"

Ìyá Àgbà wo Tàǹtí, gbogbo wa sì dúró.

"Ó ń lọ sí ọmọ ọdún márùn-ún," ni Tàǹtí wí.

Aṣọ́bodè náà fọwọ́ ti igi náà sókè. "Ẹ bá mi kí i," ni ó wí.

"A ó kí i," ni Tàǹtí dá a lóhùn, ó di ìyá rẹ̀ lápá mú, wọ́n sì kọjá.